Ẹni tó pe Palẹsítínì ní orílẹ̀-èdè ti gbé ẹrù lé ara rẹ̀ lórí

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, ni olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Keir Starmer, kéde pé ìjọba òun ti tẹ́wọ́ gba Palẹsítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ kan náà ni Kánádà, Ọsirélíà àti Pọtogí ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Emmanuel Macron, ààrẹ ilẹ̀ Faransé, dìde nínú gbọ̀ngàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ó sì sọ ohun kan náà. Kí oṣù náà tó parí, nínú orílẹ̀-èdè 193 tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà, 157 ló ti gbà pé orílẹ̀-èdè ni Palẹsítínì.

Inú àwọn kan dùn sí ìkéde wọ̀nyí, inú àwọn mìíràn sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ogun ṣì ń lọ ní Gásà, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì sì ṣì ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà káàkiri agbègbè tí wọ́n ń pè ní West Bank, ìyẹn ilẹ̀ tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa béèrè pé kí wá ni ìtẹ́wọ́gbà náà wà fún. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àbí ohun kan wà tó di dandan fún ẹni tó bá sọ ọ́? Ìbéèrè yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 2025, Nàìjíríà ti ṣe é láti ọdún 1988.

Ohun tó ń sọ ilẹ̀ kan di orílẹ̀-èdè

Àdéhùn tí àwọn amòfin sábà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù, fọwọ́ sí ní ìlú Montevideo, ní ilẹ̀ Úrúgúwè, lọ́jọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1933. Nǹkan mẹ́rin ni àdéhùn náà ní ó gbọ́dọ̀ pé: àwọn èèyàn tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, ilẹ̀ tó ní ààlà, ìjọba tó ń ṣàkóso, àti agbára láti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dòwò pọ̀. Àdéhùn náà fi kún un pé bí orílẹ̀-èdè kan bá ti wà, ó ti wà náà nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé àwọn mìíràn gbà bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò gbà. Ó tún ní ẹni tó bá ti tẹ́wọ́ gba orílẹ̀-èdè kan ti fara mọ́ gbogbo ẹ̀tọ́ àti ojúṣe tí òfin àgbáyé fún un, kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ gbà á padà.

Ohun tí Yorùbá lè fi wé e ni ìsọmọlórúkọ. Ọmọ ti délé ayé kó tó di ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe orúkọ ló bí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sọ owó sínú abọ́ omi, tó sì fún ọmọ lórúkọ lójú gbogbo ẹbí, kò lè padà wá lọ́la kó ní òun kò mọ ọmọ náà rí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó ti ní ojúṣe kan sí i.

Lórí nǹkan mẹ́rin tí wọ́n là sílẹ̀ yìí, àríyànjiyàn pọ̀ nípa Palẹsítínì. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ló ń gbé West Bank àti Gásà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Ní ti ilẹ̀, ààlà tó wà kí ogun ọdún 1967 tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fara mọ́, ṣùgbọ́n Ísírẹ́lì ló di ibẹ̀ mú. Ní ti ìjọba, ìlú Ramallah ni Àjọ Aláṣẹ Palẹsítínì fi ṣe ibùjókòó, àṣẹ rẹ̀ kò sì ju apá kan West Bank lọ. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé ìjọba tí kò lè ṣọ́ ààlà ara rẹ̀ kò tíì tó ìjọba. Èsì àwọn tó fara mọ́ ọn ni pé ẹni tó jókòó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò lè fi ìjókòó náà ṣe ẹ̀rí pé onílẹ̀ kò ní ilẹ̀.

Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1948, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré lẹ́yìn tí òmìnira Ísírẹ́lì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Harry Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, ti tẹ́wọ́ gbà á. Ní àkókò náà, ogun ń lọ lọ́wọ́, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ ibi tí ààlà rẹ̀ máa dé.

Síbẹ̀, ìtẹ́wọ́gbà nìkan kì í gbé orílẹ̀-èdè ró. Àwọn tó bá rántí ogun abẹ́lé Nàìjíríà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, orílẹ̀-èdè márùn-ún, ìyẹn Tanzania, Gabon, Ivory Coast, Zambia àti Haiti, tẹ́wọ́ gba Biafra. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970, ogun parí, Biafra sì pòórá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti Nàìjíríà ni wọ́n jà lé lórí nígbà náà, nígbà tó jẹ́ pé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò fìgbà kan gbà pé West Bank àti Gásà jẹ́ ti Ísírẹ́lì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́, Arthur Balfour, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà kan pé ìjọba òun fara mọ́ ọn kí àwọn Júù ní ilé ní Palẹsítínì. Lẹ́tà kan náà ló sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ohun tó máa pa ẹ̀tọ́ àwọn tí kì í ṣe Júù níbẹ̀ lára. Lẹ́yìn ogun náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso Palẹsítínì títí di 1948. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi sọ pé ìkéde Starmer wúwo ju ti àwọn yòókù lọ: ẹni tó ṣe ìlérí méjì, tó sì mú ọ̀kan ṣẹ, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sórí èkejì.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 1947, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, ọ̀kan fún àwọn Júù, èkejì fún àwọn Lárúbáwá. Orílẹ̀-èdè 33 fara mọ́ ọn, 13 kọ̀, 10 kò dìbò rárá. Àwọn olórí Júù gbà, àwọn Lárúbáwá kò gbà. Ogun bẹ́ sílẹ̀, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin (700,000) ọmọ Palẹsítínì tí wọ́n sá tàbí tí wọ́n lé kúrò nílé wọn. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ lọ́dún 1949, ọwọ́ Jọ́dánì ni West Bank àti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù wà, Gásà sì wà lọ́wọ́ Íjíbítì. Ísírẹ́lì gba gbogbo rẹ̀ nínú ogun ọlọ́jọ́ mẹ́fà oṣù Kẹfà, ọdún 1967.

Ìlú Algiers, olú-ìlú Àlùjẹ́ríà, ni Yasser Arafat ti kéde òmìnira Palẹsítínì lọ́jọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 1988. Ilẹ̀ tí wọ́n ń béèrè kò ju nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà ti tẹ́wọ́ gbà á. Nàìjíríà, lábẹ́ ìjọba ológun Ibrahim Babangida, wà lára wọn. Tógò àti Kúbà náà wà níbẹ̀. Bùràsílì dúró títí di oṣù Kejìlá, ọdún 2010, nígbà tí Lula kù díẹ̀ kó fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Síwídìn tẹ̀lé e ní 2014. Lẹ́yìn náà ni Áyálándì, Nọ́wè àti Sípéènì jùmọ̀ ṣe é lọ́jọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ọmọ Yorùbá tó bá rìnrìn-àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, tó sì dé tó fi JP kún orúkọ rẹ̀, ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. West Bank ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà, níbi tí wọ́n ti ń fi ibi tí wọ́n bí Jésù han àwọn àlejò. Ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù ni ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ sórí ibi ìsìnkú rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni mọ́ṣáláṣí Al-Aqsa, tí àwọn Mùsùlùmí ń bọ̀wọ̀ fún, wà.

Àwọn ẹrù tó wà níbẹ̀

Ẹrù àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó tẹ́wọ́ gba orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ máa bá a lò bí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òfin. Kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, kò sì gbọdọ̀ ka ilẹ̀ rẹ̀ sí ilẹ̀ tí kò lólúwa. Ṣùgbọ́n fífi aṣojú ránṣẹ́ síra ẹni kì í ṣe dandan. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 sọ ọ́ gbangba pé ìfẹnukò àwọn méjèèjì ló ń mú kí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ aṣojú. Palẹsítínì ní ilé-iṣẹ́ aṣojú tirẹ̀ ní Abuja.

Ẹrù kejì jẹ mọ́ àwọn àdéhùn àgbáyé. Bí Palẹsítínì bá buwọ́ lu ìwé àdéhùn, ẹni tó ti pè é ní orílẹ̀-èdè kò lè sọ pé ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹrin, ọdún 2015, Palẹsítínì di ọmọ ẹgbẹ́ Ilé-ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé tó wà ní ìlú Hague. Ìyẹn ló fún ilé-ẹjọ́ náà lágbára láti wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Gásà. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, àwọn adájọ́ ní kí wọ́n mú Benjamin Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Yoav Gallant, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ààbò rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n mú Mohammed Deif, ọ̀gá ológun Hamas, bákan náà, kí wọ́n tó fagi lé tirẹ̀ nígbà tó dájú pé ó ti kú. Nàìjíríà, tó ti wọ inú ilé-ẹjọ́ náà láti ọdún 2001, wà lára àwọn tí òfin ní kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n ń wá bó bá wọ ilẹ̀ wọn.

Ẹrù kẹta ló wúwo jù, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí gbígba ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague sọ pé wíwà tí Ísírẹ́lì wà lórí ilẹ̀ tó gbà lọ́dún 1967 lòdì sófin, kó sì kúrò níbẹ̀ ní kíá bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Wọ́n ní gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ yẹra fún ohunkóhun tó lè ka ipò náà sí ohun tó bófin mu, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣe ìrànwọ́ tó máa jẹ́ kó máa bá a lọ. Ìmọ̀ràn ni àwọn adájọ́ náà gbà, kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo orílẹ̀-èdè ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, àtẹni tó tẹ́wọ́ gba Palẹsítínì àtẹni tí kò tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì tẹ́wọ́ gbà á ṣì lè wí àwíjàre pé òun kò mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹni tó ti tẹ́wọ́ gbà á kò ní àwíjàre náà mọ́.

Ọjà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń ru ẹrù yìí. Ísírẹ́lì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó fún àwọn Júù káàkiri West Bank, oko àti ilé-iṣẹ́ sì wà nínú wọn tó ń kó ọjà lọ sókè òkun. Lẹ́yìn tí Slovenia tẹ́wọ́ gba Palẹsítínì ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, ó fòfin de irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2025. Sípéènì náà ṣòfin tirẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ibi tí ilé-iṣẹ́ aṣojú máa wà tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1980 ni Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ti ní kí orílẹ̀-èdè má ṣe fi ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn sí Jerúsálẹ́mù. Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ lọ síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, àmọ́ Tel Aviv ni ti Nàìjíríà wà.

Ẹrù kẹrin wà lórí Palẹsítínì fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó gba oyè gba iṣẹ́ oyè. Orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n ti orí ilẹ̀ rẹ̀ kọlu ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Hamas wọ Ísírẹ́lì, wọ́n pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, wọ́n sì jí 251 gbé lọ sí Gásà. Ogun tó tẹ̀lé e ti pa èèyàn tó lé ní 65,000 ní Gásà nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ibẹ̀ ṣe sọ. Láti ọdún 2007 ni Hamas ti gba Gásà mọ́ Àjọ Aláṣẹ Palẹsítínì lọ́wọ́. Mahmoud Abbas, tí wọ́n dìbò yàn lọ́dún 2005 fún ọdún mẹ́rin, ṣì wà lórí àlééfà nígbà ìkéde ọdún 2025, kò sì tíì sí ìbò ilé aṣòfin mìíràn lẹ́yìn ti ọdún 2006. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi tẹnu mọ́ ọn pé Hamas kò gbọdọ̀ ní ipa kankan nínú ìjọba tó ń bọ̀. Netanyahu ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀bùn ni ìtẹ́wọ́gbà náà jẹ́ fún àwọn apániláyà. Amẹ́ríkà náà kò fara mọ́ ọn.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ọn. Títẹ́wọ́ gba Palẹsítínì kò fagi lé Ísírẹ́lì. Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ kó ọmọ ogun lọ jà fún un, kò sì di dandan kó fún un lówó.

Ilẹ̀kùn tí kò tíì ṣí

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Palẹsítínì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ìbò mẹ́sàn-án nínú 15 ní Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò, kí èyíkéyìí nínú Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé má sì lo àṣẹ tí wọ́n fi ń fagi lé ohun tí àwọn yòókù fẹnu kò lé lórí. Lẹ́yìn náà ni Àpéjọ Gbogbogbòò máa fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Abbas kọ́kọ́ mú ìwé ìbéèrè lọ lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011, kò sì so èso. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kọkànlá, ọdún 2012, Àpéjọ Gbogbogbòò fún Palẹsítínì ní ipò orílẹ̀-èdè olùwòran. Orílẹ̀-èdè 138 fara mọ́ ọn, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. 9 kọ̀, 41 kò dìbò. Tógò, tó ti tẹ́wọ́ gba Palẹsítínì ní 1988, wà lára àwọn 41 yìí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, ìbò 12 ló fara mọ́ ọn ní Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò kí Palẹsítínì di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìkan fagi lé e. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dìbò lọ́jọ́ náà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Àpéjọ Gbogbogbòò gbà pẹ̀lú ìbò 143 kí Palẹsítínì máa jókòó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, kó sì máa dá àbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Ìbò kan tí Nàìjíríà kò dì

Èyí tó kan Nàìjíríà jù lọ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 2014. Jọ́dánì gbé àbá kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò, níbi tí Nàìjíríà ti ní àga nígbà náà, pé kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ Palẹsítínì kí ọdún 2017 tó parí. Mẹ́jọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè 15 fara mọ́ ọn, Faransé, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà sì wà lára wọn. Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà kọ̀. Márùn-ún kò dìbò, Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìbò kan ṣoṣo ló kù kí ó pé mẹ́sàn-án.

Ká ní ó pé mẹ́sàn-án, ó dájú pé Amẹ́ríkà ì bá fagi lé e. Ṣùgbọ́n ì bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú gbogbo ayé. Nítorí pé àbá náà kò pé, kò sídìí fún un láti lo àṣẹ rẹ̀ rárá. Àlàyé tí aṣojú Nàìjíríà ṣe ni pé ìjíròrò láàárín àwọn méjèèjì ló lè mú àlàáfíà wá. Àlàyé náà ní ìtumọ̀, nítorí Nàìjíríà ń bá Ísírẹ́lì náà ṣe. Wọ́n já okùn àjọṣe wọn lọ́dún 1973, wọ́n sì tún un so ní 1992. Síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òfin kankan tó ní ẹni tó tẹ́wọ́ gba Palẹsítínì gbọ́dọ̀ dìbò fún gbogbo àbá tí wọ́n bá gbé wá nítorí rẹ̀, ìbò ọjọ́ náà fi hàn bí ọ̀nà ṣe jìn láàárín ìkéde àti iṣẹ́.

Láti ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ni àdéhùn dídá ogun dúró ti bẹ̀rẹ̀ ní Gásà. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún kan náà, Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò fọwọ́ sí ètò tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún Gásà, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé ọ̀nà lè là sí ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Palẹsítínì bí àtúnṣe sí Àjọ Aláṣẹ rẹ̀ bá kẹ́sẹ járí. Gbólóhùn yẹn fi ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ hàn kedere: ohun tí ètò náà ń pè ní ohun tó lè wáyé lọ́jọ́ iwájú, orílẹ̀-èdè 157 ti sọ pé ó ti wà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó kù kì í ṣe iye orílẹ̀-èdè tó máa kún àwọn tó ti ṣe ìkéde. Ìbéèrè náà ni ohun tí àwọn tó ti sọ̀rọ̀ máa ṣe nígbà tí ọjà láti inú àwọn ibùdó bá dé èbúté wọn, nígbà tí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ń wá bá sọ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú wọn, tàbí nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n nawọ́ sókè fún ìbò. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí Nàìjíríà sọ lọ́dún 1988 àti èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ́dún 2025 ti jáde lẹ́nu wọn, òfin kò sì fún wọn láyè láti kó o jẹ.